Dókítà DO, osteopathy àti teguntegun: ohun tí ìwádìí fi hàn, àti ibi tó ti kan ará Ìbàdàn

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn ló ní ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn lókè òkun lónìí. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lè pe ilé pé òun ti rí iléèwé wọ̀, ṣùgbọ́n pé oyè tí wọ́n ń fúnni níbẹ̀ kì í ṣe MD, oyè dókítà tí gbogbo èèyàn mọ̀, DO ni, ìyẹn Doctor of Osteopathic Medicine. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn lórí WhatsApp ẹbí. Bàbá á béèrè pé ṣé iṣẹ́ teguntegun lọmọ òun sọdá òkun lọ kọ́ ni. Àbúrò wọn tó wà ní London á ní osteopath tí òun mọ̀ ládùúgbò òun kì í ṣe dókítà, ẹ̀yìn àti ọrùn ló máa ń bá èèyàn tẹ̀. Ọmọ á sì ta kú pé dókítà lòun máa dà. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ orúkọ kan náà, osteopathy. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó gba oyè DO ti di dókítà. Ó ń kọ oògùn, ó ń ṣiṣẹ́ abẹ, ó ń gbẹ̀bí, ó lè di onímọ̀ nípa ọkàn tàbí ọpọlọ, kò sì sí èyí tí kò ní fún un níwèé àṣẹ nínú ìpínlẹ̀ 50 tó wà lọ́hùn-ún. Ọdún mẹ́rin ló ń lò níléèwé ìṣègùn lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ MD. Ohun tó fi yàtọ̀ ni nǹkan bíi wákàtí 200 tó fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ yẹ eegun, iṣan àti oríkèé wò, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ kan náà tọ́jú wọn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, osteopath kì í ṣe dókítà. Kò lè kọ oògùn tó jẹ́ pé dókítà nìkan lòfin gbà láyè láti kọ, kò sì lè mú abẹ lọ́wọ́. Síbẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹni tó bá ṣáà ti wù lè máa ṣe: òfin ọdún 1993 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀, ìgbìmọ̀ kan sì wà tó gbọ́dọ̀ forúkọ onítọ̀hún sílẹ̀ kó tó lè pe ara rẹ̀ ní osteopath. Faransé náà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórúkọ lábẹ́ òfin lọ́dún 2002. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìwé òṣùwọ̀n jáde lórí ẹ̀kọ́ yìí lọ́dún 2010, wákàtí 4,200 ni wọ́n ní kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ìlera rí fi kọ́ ọ, kó sì lo ó kéré tán 1,000 nínú rẹ̀ lọ́dọ̀ aláìsàn lábẹ́ ojú ọ̀gá.

Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Andrew Taylor Still, ló dá osteopathy sílẹ̀. Virginia ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1828. Bàbá rẹ̀ jẹ́ oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó tún ń ṣe ìṣègùn, ẹ̀yìn bàbá náà lòun sì ti kọ́ṣẹ́. Lọ́dún 1864, ibà lọ́rùnlọ́rùn wọ ilé Still, ó sì pa ọmọ mẹ́ta mọ́ ọn lójú. Kò sí ohun tí àwọn oníṣègùn ìgbà náà lè ṣe. Kí ni wọ́n ní lọ́wọ́ gan-an? Mẹ́kúrì, ọtí líle, opium, àti kí wọ́n máa gbẹ́ aláìsàn lára kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dà. Ọkàn Still kúrò lára gbogbo rẹ̀. Lọ́dún 1874 ló kéde pé òun ti rí ọ̀nà mìíràn: bí eegun, iṣan àti ẹ̀jẹ̀ bá wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà, ara á wo ara rẹ̀ sàn. Ó ń rin ìlú dé ìlú ní Missouri, ó ń tọ́ oríkèé tó yẹ̀, ó sì ń polówó ara rẹ̀ bíi teguntegun tí ọwọ́ rẹ̀ yá bíi mànàmáná. Bàbá tó ń béèrè nípa teguntegun lórí WhatsApp kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ tó bí ọmọ rẹ̀ ṣe rò.

Ọdún 1892 ni Still ṣí iléèwé rẹ̀ ní Kirksville, àwọn obìnrin sì wà nínú akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ gbà, nígbà tí ọ̀pọ̀ iléèwé ìṣègùn ṣì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ obìnrin. Mo gbóṣùbà fún un lórí èyí. Ṣùgbọ́n apá kan nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó gbà pé eegun tó yẹ̀ ní ipò rẹ̀ ló wà nídìí ọ̀pọ̀ jù lọ àrùn, ìmọ̀ nípa kòkòrò àrùn sì ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó jogún iléèwé rẹ̀ náà rí i, wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ́ oògùn àti iṣẹ́ abẹ kún un díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ìṣègùn kan náà pẹ̀lú ti àwọn MD.

Kí wọ́n tó gbà wọ́n lẹ́gbẹ́, ó pẹ́. Ìwé tí Abraham Flexner kọ lórí iléèwé ìṣègùn Amẹ́ríkà lọ́dún 1910 nà wọ́n lẹ́gba ọ̀rọ̀, bó ṣe na ọ̀pọ̀ iléèwé MD náà. Lọ́dún 1962, California dáwọ́ ìwé àṣẹ fún DO tuntun dúró, wọ́n sì ní kí DO tó bá fẹ́ san dọ́là 65 kó fi gba MD. Ẹ ro ó wò ná: dókítà sùn ní DO, ó jí ní MD, ìmọ̀ orí rẹ̀ kò fi ìka kan pọ̀ sí i. Ó fojú hàn nígbà náà pé ìjà ẹgbẹ́ òun ẹgbẹ́ ló kù, kì í ṣe ìjà ìmọ̀ mọ́. Ọdún 1966 ni iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba DO gẹ́gẹ́ bíi dókítà, Mississippi ló sì kẹ́yìn nínú àwọn ìpínlẹ̀ tó fún wọn ní àṣẹ kíkún, lọ́dún 1973.

Lónìí, bí ẹ bá ka akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn mẹ́rin ní Amẹ́ríkà, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ DO. Sean Conley tó tọ́jú Donald Trump nígbà tí kòrónà mú un lọ́dún 2020, DO ni. Kevin O'Connor tó jẹ́ dókítà Joe Biden, DO ni. Sean Barbabella tó gba ipò náà nígbà tí Trump padà dé lọ́dún 2025, DO lòun náà.

Orúkọ ńlá kì í ṣe ẹ̀rí, àmọ́ ìwádìí tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní UCLA, yunifásítì kan ní California, gbé jáde nínú Annals of Internal Medicine lọ́dún 2023 tó ẹ̀rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yusuke Tsugawa wà lára wọn. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn láàárín 2016 sí 2019 jọ, ìgbà 329,510 ni wọ́n gba irú àwọn bẹ́ẹ̀ wọlé, wọ́n sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn lọ́wọ́ dókítà MD àti lọ́wọ́ dókítà DO. Nínú 100 tí MD tọ́jú, 9.4 ló kú kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé. Lọ́wọ́ DO, 9.5. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe ń padà sí ilé ìwòsàn, bí ọjọ́ tí wọ́n lò ṣe pọ̀ tó, bí owó tó ná wọn ṣe tó, déédéé ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé DO lè pa aláìsàn ju MD lọ, ibí yìí ni kó wò.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà ti yí padà. Láti ọdún 2020, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni MD àti DO ń gbà wọ residency, ìyẹn ẹ̀kọ́ àkànṣe lẹ́yìn oyè. Nígbà tí wọ́n pín àyè náà lọ́dún 2024, ìdá 93.5 nínú 100 àwọn tó ń jáde ní iléèwé MD Amẹ́ríkà ló rí àyè, ìdá 92.3 sì ni ti DO. Àwọn tó kàwé ìṣègùn lẹ́yìn odi, tí wọn kì í sì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, ìdá 58.5 péré ló rí i. Àwọn ọmọ tó jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn tí wọ́n ń kàwé USMLE, ìdánwò ìwé àṣẹ dókítà Amẹ́ríkà, títí òru nínú yàrá wọn, abẹ́ ìlà tó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n bọ́ sí. Mo mọ̀ pé èyí á dun ọ̀pọ̀ wọn láti kà, torí ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà kò kéré sí ti ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òbí tó ń fojú tín-ín-rín DO mọ̀ pé ọmọ tó ń kọ́ ọ ti wà nínú ilé, nígbà tí dókítà tó gbé ìwé ẹ̀rí ìta lọ́wọ́ ṣì ń kan ilẹ̀kùn.

Ìyẹn kò ní kó má sí ìdènà fún DO. Ìdánwò tiwọn, COMLEX, yàtọ̀ sí USMLE, àwọn ọ̀gá residency kan kò sì fẹ́ gba èsì rẹ̀. Nítorí náà ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ DO ló ń ṣe méjèèjì, tí wọ́n ń san owó méjì, tí wọ́n sì ń lo àkókò méjì. Lọ́dún 2022, ìpele kìn-ín-ní ìdánwò méjèèjì di "yege" tàbí "kò yege", kò sí máàkì mọ́. Wọ́n rò pé èyí á dín wàhálà kù. Ohun tó ṣe ni pé ẹrù náà bọ́ sórí máàkì ìpele kejì. Kí ẹni tó ń múra USMLE ní Ìbàdàn fi èyí sọ́kàn: máàkì ìpele kejì ni àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ń kọ́kọ́ wò báyìí.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tó jẹ́ ogún Still gan-an, ìtọ́jú tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ DO kì í lò ó mọ́. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2021 fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí DO 10,000 ní Amẹ́ríkà. Àwọn 1,683 dáhùn, ó sì lé ní ìdajì nínú wọn tó sọ pé àwọn kì í fọwọ́ tọ́jú aláìsàn kankan. Àkókò kò sí, owó tí wọ́n ń san fún un kò tó, ọ̀pọ̀ ni kò sì fọkàn tán ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọdún tó ti kúrò níléèwé. Àwọn iléèwé DO ń ṣàníyàn lórí èyí, ó sì tọ́ kí wọ́n ṣe é, nítorí bí a bá yọ ọwọ́ kúrò nínú rẹ̀, kí ló kù tí DO fi yàtọ̀ sí MD?

Ṣé ìtọ́jú ọ̀hún tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Ẹ̀yìn dídùn ni wọ́n fi dán an wò jù. Lọ́dún 1999, New England Journal of Medicine gbé ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 178 tí ẹ̀yìn ti ń dùn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí oṣù mẹ́fà. Wọ́n ṣẹ́ kèké pín wọn sọ́nà méjì: apá kan gba ìtọ́jú tí wọ́n ń fún gbogbo èèyàn, wọ́n fọwọ́ tọ́jú apá kejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ara tu àwọn méjèèjì bákan náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fọwọ́ tọ́jú kò lo oògùn ìrora tó ti àwọn yòókù. Ní Ìbàdàn níbi tí a ti ń ra diclofenac bíi gúgúrú, ìyẹn nìkan tó ohun tí a lè ronú lé.

Ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀. Bí ara ẹni bá tù lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ kàn án, ṣé ọgbọ́n tó wà nínú ọwọ́ náà ni, àbí torí pé ẹnì kan jókòó tì í, ó fọwọ́ bà á, ó sì fetí sí i? Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè mọ̀ ni pé kí wọ́n ṣe ìtọ́jú gidi fún àwọn kan, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ba àwọn kan lára lásán, kí aláìsàn má sì mọ èwo ni tòun. John Licciardone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ ní Texas fún èèyàn 455, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2013. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n tọ́jú wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Nínú 100 tó gba ìtọ́jú gidi, 50 ni ìrora wọn dín kù dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 100 tí wọ́n fọwọ́ bà lásán, 35 ni. Èèyàn 15 nínú 100 ló jèrè ọgbọ́n ọwọ́ náà. Kò kéré.

Lẹ́yìn náà ni Faransé ṣe tiwọn. Èèyàn 400, ẹ̀ẹ̀mẹfà náà, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì síra wọn, àwọn osteopath ilẹ̀ Faransé tí kì í ṣe dókítà ló sì ṣe é. Èsì rẹ̀ jáde nínú JAMA Internal Medicine lọ́dún 2021. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń dí èèyàn lọ́wọ́ iṣẹ́, tó lọ láti 0 dé 100, ìyàtọ̀ àárín ìtọ́jú gidi àti ìfọwọ́bà lásán lẹ́yìn oṣù mẹ́ta jẹ́ 3.4. Ìyàtọ̀ wà, ṣùgbọ́n ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ṣe ìwádìí náà fúnra wọn fi sọ pé ó ṣeé ṣe kí aláìsàn má mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ tún wo ti àwọn aboyún. Ní Texas, wọ́n pín aboyún 400 tó ti wọ oṣù mẹ́ta ìkẹyìn sọ́nà mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn oníwádìí kan tí iṣẹ́ wọn jáde lọ́dún 2015. Àwọn kan ń gba ìtọ́jú oyún bó ṣe máa ń rí. Wọ́n ń fọwọ́ tọ́jú ẹ̀yìn àwọn kan. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ kankan ra ẹ̀yìn àwọn tó kù. Ẹ̀yìn àwọn tí wọ́n fọwọ́ tọ́jú sàn ju ti àwọn tí wọn kò ṣe nǹkan kan fún lọ. Ṣùgbọ́n kò sàn ju ti àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ òfìfo ra lára. Ti àwọn tí wọ́n ń fọwọ́ tọ́jú nítorí òtútù àyà kò yàtọ̀ púpọ̀: ìwádìí kan lórí èèyàn 406 lọ́dún 2010 kò rí àǹfààní tó dájú nígbà tí wọ́n ka gbogbo ẹni tí wọ́n pín síbẹ̀. Ní ti àwọn tó ń rọra fọwọ́ tẹ agbárí tí wọ́n ní àwọn ń tún eegun inú rẹ̀ tò, ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé kò sí, mo sì rọ òbí kó má ṣe gbé ọmọ jòjòló fún ẹnikẹ́ni tó bá ń polówó rẹ̀.

Ohun tí mo rí nínú gbogbo èyí ni pé ọwọ́ ń ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń ṣe wá láti inú àkókò àti ìtọ́jú ọmọlúàbí tó bá a rìn. Mi ò sọ ọ́ láti bu osteopathy kù. Mo sọ ọ́ torí pé àkókò àti ìfọwọ́bà kò nílò oyè kankan láti Kirksville, a lè ṣe é ní ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́, a lè ṣe é ní UCH, bí a bá fún dókítà láyè. Ẹni tó bá ti jí dé kíníìkì ṣáájú aago mẹ́fà àárọ̀, tó gba nọ́ńbà, tó jókòó títí oòrùn fi kàntàrí, tí dókítà sì kọ oògùn fún un láìgbé ojú kúrò lórí fáìlì, mọ ohun tí mo ń wí. Kì í ṣe ìwà dókítà ló burú. Èrò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pọ̀ jù, àwọn dókítà tí ìbá pín in ṣe sì ti rìnrìn àjò. Mohammadreza Hojat àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń fi òṣùwọ̀n Jefferson wọn àánú tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní fún aláìsàn rí i pé ó máa ń dín kù bí wọ́n bá ti ń wọ wọ́ọ̀dù. Wọ́n wo ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ DO, ó ń dín kù lára àwọn náà, ṣùgbọ́n kò já wálẹ̀ tó ti àwọn MD. Bóyá kíkọ́ tí wọ́n ń kọ́ láti fọwọ́ ba èèyàn láti ọdún àkọ́kọ́ ló fà á, kò tíì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Síbẹ̀, ó wù mí kí àwọn tó ń tún ètò ẹ̀kọ́ ìṣègùn ṣe nílẹ̀ yìí ronú lé e.

Ẹ̀yìn ará Ìbàdàn ń fẹ́ ìtọ́jú lóòótọ́. Ẹ wo awakọ̀ Máíkírà tó ká gúlútú sẹ́yìn stírì láti Ọjọ́ọ̀ dé Ìwó Road, ẹ wo alábàárù tó ń gbé àpò ìrẹsì ní Bódìjà, ẹ wo ìyá tó tẹ̀ sórí àrò láti àárọ̀. WHO ní èèyàn mílíọ̀nù 619 ni ẹ̀yìn ń dùn káàkiri àgbáyé lọ́dún 2020. Lóṣù Kejìlá ọdún 2023, wọ́n gbé ìmọ̀ràn jáde lórí ẹ̀yìn tó ti ń dunni pẹ́: kí wọ́n la aláìsàn lóye, kó máa ṣe eré ìdárayá tó bá ara rẹ̀ mu, kí wọ́n fọwọ́ tọ́jú ẹ̀yìn tàbí kí wọ́n wọ́ ọ bó bá yẹ, kí wọ́n bá ọkàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì lo oògùn bí ibuprofen níwọ̀nba. Wọ́n ní kí wọ́n má fún un ní oògùn ìdílé opium, èyí tí tramadol wà nínú rẹ̀, kí wọ́n má sì gbára lé bẹ́líìtì ìbàdí tí wọ́n ń tà kiri.

Ẹ ò nílò láti wá osteopath kí ẹ tó rí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ gbà. Ìbàdàn ni ẹ̀kọ́ dìgírì physiotherapy ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní yunifásítì wa yìí, lọ́dún 1966. Àwọn tó kọ́ ọ mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ tọ́jú oríkèé àti ẹ̀yìn, wọ́n sì mọ eré ìdárayá tó yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ń dùn mí pé ẹ̀yìn gbogbo nǹkan la ń dé ọ̀dọ̀ wọn, lẹ́yìn tí àgbo jẹ̀dí, abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì àti oògùn ìrora ti dá egbò sínú ikùn, tàbí tí kídìnrín ti ń rojọ́.

Jẹ̀díjẹ̀dí yìí gan-an, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi dáadáa lórí rẹ̀. Gbogbo ìdí ríro la máa ń dá a lẹ́bi fún, a sì ń fi àgbo lé e kiri fún ọdún. Bàbá tó ti lé ní 50, tí ìbàdí ń ro lóru tí kò jẹ́ kó sùn, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ń kán tótó, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ próstéètì tó ti wọ eegun. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, tó ń gbẹ, tí ara ń gbóná ní ìrọ̀lẹ́, ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tó bá eegun ẹ̀yìn jà, kò sì di dandan kó máa wúkọ́. Ọmọ tó ní àrùn sickle cell tí itan ń dùn tó sì ń tiro, ó lè jẹ́ pé orí eegun itan ló ń kú. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú, bí ojú ara àti ìdí bá kú tìpìrì tí wọn kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, bí ìtọ̀ bá há tàbí tó ń dà láìmọ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dé ilé ìwòsàn. Nínú gbogbo wọ̀nyí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ẹ̀yìn yín, ì báà ṣe DO, ì báà ṣe teguntegun, títí wọ́n fi máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ teguntegun wa. Iṣẹ́ wọn kò dọ́gba pẹ̀lú osteopathy òde òní, torí eegun tó kán gan-an ni wọ́n ń tọ́, èyí tí osteopath kì í ṣe. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ẹni tí ọ̀kadà gbá ń gbà lọ, ẹ̀rù gígé ẹsẹ̀ àti owó ilé ìwòsàn ló ń lé wọn lọ síbẹ̀. Àwọn dókítà eegun sì ń kígbe pé àwọn ẹsẹ̀ tí àwọn ń gé, láti ọ̀dọ̀ teguntegun ni púpọ̀ nínú wọn ti ń dé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé. Ẹran ara tó wà yí eegun tó kán ká máa ń wú. Bí wọ́n bá ti fi igi àti aṣọ dì í pinpin, wíwú náà kò ríbi gbà, á fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa. Bíi wákàtí mẹ́fà tó fún ẹran ara láti bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

J. E. Onuminya, oníṣẹ́ abẹ eegun, kò dúró sórí igbe. Ó fún teguntegun kan ní ẹ̀kọ́, ó wá fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ti ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde nínú South African Medical Journal lọ́dún 2006. Ẹsẹ̀ tó rà dín kù gidigidi lọ́wọ́ ẹni tó gba ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ni eegun tó jinná sódì. Kò yẹ kó jẹ́ ohun àjèjì sí wa. Láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra ní Aro, Abẹ́òkúta, láti jọ tọ́jú ọpọlọ, ọkùnrin náà sì padà di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ́ teguntegun kọ̀ọ̀kan ní Ìbàdàn kò pọ̀. Eegun tó ti yọ síta tàbí tí egbò wà lórí rẹ̀, kó má fọwọ́ kàn án, kó gbé e lọ sí UCH. Kó má di ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ yípo pinpin ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Kó máa fi ìka ẹsẹ̀ tàbí ti ọwọ́ sílẹ̀ níta, kó máa wò ó tọ̀sán tòru: bó bá tutù, bó bá dúdú tàbí tó funfun, bí aláìsàn bá ní kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i dípò kó dín kù, kó tú u lójú ẹsẹ̀, kó sì wá mọ́tò. Kí òun àti dókítà eegun ní nọ́ńbà fóònù ara wọn. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n kọ iye ẹni tó wá sílẹ̀, eegun tó kán, iye ọ̀sẹ̀ tó fi jinná, àti iye àwọn tó padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.